Ohun Tí Ọkọ Fi Ẹnu Ìyàwó Sọ

Ẹ̀yin ọkùnrin tí ìyàwó yín mọ iṣẹ́ jù yín lọ, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Ẹ má ṣe ka ìtàn yìí tán kí ẹ wá fi ìwé náà pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ fún òun náà kó kà á. Ká ní Ọmọ́níyì ṣe bẹ́ẹ̀ ní Kábà, ojú tó tì í níwájú gbogbo ìlú kì bá tí tì í.

Lẹ́yìn ogun Bọ́mà, Ọmọ́níyì kò padà sóko bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó wọ iṣẹ́ ọkọ̀ òkun, ó ń fọ abọ́ káàkiri ayé títí ó fi dé Họ́ǹgí Kọ́ǹgì. Ibẹ̀ ló ti rí Sáúyìn, ọmọ Ṣáínà kan tí baba rẹ̀ jẹ́ aránṣọ lẹ́bàá èbúté. Wọ́n fẹ́ra. Ní ọdún 1954, ọkọ̀ akẹ́rù já àwọn méjèèjì sílẹ̀ ní Kábà, pẹ̀lú àpótí aṣọ àti ẹ̀rọ ìránṣọ kan tí Sáúyìn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé.

Rachel, ìyá Ọmọ́níyì, wo ìyàwó náà láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ṣé ó ń jẹ iyán?"

"Ó ń jẹ ẹ́, Màmá."

"Ó ti di ọmọ mi nìyẹn. Ẹ gbé omi wá kó wẹ̀."

Ti oúnjẹ yanjú, iṣẹ́ ló kù. Ọmọ́níyì ní ojú òun ti rí ayé, òun kò tún lè di ọkọ́ mú. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń wá. Àmọ́ gbogbo ibi tó dé ni wọ́n ti rí i pé Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ jù ni èyí tí àwọn atukọ̀ fi ń bú ara wọn. Kò sẹ́ni tó gbà á.

Ìgbà tó yá ni wọ́n kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ìgbìmọ̀ kan tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ àwọn àgbà fẹ́ dá kíláàsì aṣọ rírán sílẹ̀ fún àwọn obìnrin. Wọ́n ń wá olùkọ́. Iṣẹ́ oṣù ni, ìgbéga sì wà níbẹ̀.

Rachel fò dìde láàárín ìjọsìn. "Ìyàwó mi nìyẹn!"

Wọ́n ní kó jókòó.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ní òwúrọ̀ tí Ọmọ́níyì ń mú ìyàwó rẹ̀ lọ síwájú ìgbìmọ̀ náà, kò ní ète ibi kankan lọ́kàn. Bí ẹ̀ṣẹ̀ ṣe máa ń rí nìyẹn. Kì í bá wa jáde nílé. Ojú ọ̀nà ló ti ń pàdé wa. Sáúyìn wọ aṣọ tó mọ́, ó ká kóòtù kan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán sí apá, ó ń tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń mu ẹmu lábẹ́ igi rí wọn.

"Okun o, ọkọ tíṣà!" ni ọ̀kan nínú wọn kí i, bí a ṣe ń kíni nílẹ̀ wa.

"Ọmọ́níyì, bí ìyàwó bá lọ síbi iṣẹ́, ṣé ìwọ ni yóò máa gúnyán?"

"Má gbàgbé láti wé gèlè o!"

Ọmọ́níyì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára bí ẹ̀gún.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ là yé ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ibẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, obìnrin ló ń hun aṣọ, ọkùnrin ló ń rán an. Kò sí ilé tí ẹ máa wọ̀ lákòókò náà tí òfì kò fara ti ògiri, tí ìyá ilé kò sì jókòó sídìí rẹ̀. Àmọ́ ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ, ìjókòó ọkùnrin ni. Kò sí ẹni tó ṣòfin rẹ̀. Ojú kàn ti mọ́ ọn bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí ojú bá sì ti mọ́, ojú kì í yẹ̀ ẹ́ wò mọ́.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, nígbà tí tọkọtaya náà wọlé, Ọ̀gá Ọlọ́runlékè, olórí ìgbìmọ̀, ọmọ Ìyàgbà kan tó sanra tó sì lójú àánú, kò tilẹ̀ wo Sáúyìn. Ọmọ́níyì ló na ọwọ́ sí.

"Ẹ káàbọ̀, tíṣà. Kóòtù yìí, ẹ̀yin lẹ rán an?"

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni òtítọ́ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀: rárá. Kò wúwo. Ọmọ ọwọ́ lè gbé e. Ọmọ́níyì gbé e dé orí ahọ́n, ó rántí àwọn tó wà lábẹ́ igi, ó sì gbé e mì.

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, sà," ló fi dáhùn.

Wọ́n wò ó. Kóòtù náà ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. "Iṣẹ́ ọkùnrin nìyí!" "Ẹ wo bí ọrùn rẹ̀ ṣe jókòó!" Sáúyìn ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò gbọ́ Yorùbá, kò gbọ́ Hausa, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò sì ju yẹ́ẹ̀sì àti nó lọ, ṣùgbọ́n ó rí i pé wọ́n ń yin iṣẹ́ òun.

"Ìyàwó yín ńkọ́?" ni àgbàlagbà kan nínú ìgbìmọ̀ bi í. "Ṣé ó mọ̀ ọ́n díẹ̀?"

"Ó ń gbìyànjú, sà. Èmi ni mo ń kọ́ ọ."

"Ẹ bi í bẹ́ẹ̀ fún wa. Ẹ ṣe ògbufọ̀. Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ lóòótọ́?"

Ọmọ́níyì yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Ní èdè Ṣáínà, ó bi í pé, "Ṣé òùngbẹ ń gbẹ ọ́?"

"Yẹ́ẹ̀sì," ni Sáúyìn wí, ó sì mi orí sí àwọn àgbà náà.

Gbogbo wọn ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o!"

Ọ̀gá Ọlọ́runlékè, tó jẹ́ ẹni tó ń fẹ́ kí nǹkan tọ́, gbé ọwọ́ sókè. "Ìkéde wa kò sọ pé ọkùnrin tàbí obìnrin. Ẹ bi í bóyá ó fi tọkàntọkàn fọwọ́ sí i pé kí ọkọ òun gba iṣẹ́ yìí."

Ọmọ́níyì túmọ̀ rẹ̀ báyìí: "Wọ́n ní ṣé o fẹ́ iṣẹ́ yìí tọkàntọkàn?"

"Yẹ́ẹ̀sì! Yẹ́ẹ̀sì!" Sáúyìn dìde, ó tẹrí ba fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àgbàlagbà náà fi etí agbádá nu ojú. "Ìyàwó rere rèé. Tèmi ì bá ti dá ìjà sílẹ̀."

Bí Ọmọ́níyì ṣe di olùkọ́ aṣọ rírán nìyẹn, ẹni tí kò mọ ojú abẹ́rẹ́ yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jáde, Sáúyìn dì mọ́ apá rẹ̀. "Ìgbà wo ni mo bẹ̀rẹ̀?"

Irọ́ kì í bí ọmọ kan ṣoṣo. Ọmọ́níyì fa ojú ro. Ó ní wọ́n yin iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kò lè gba àjèjì. Nítorí àánú, wọ́n ní kí òun wá ṣe akọ̀wé wọn, kí Sáúyìn sì máa jókòó sílé rán àpẹẹrẹ aṣọ tí àwọn ọmọ kíláàsì yóò máa wò. Ohun kan náà ló sọ fún Rachel, ó ní tíṣà ni wọ́n ń pe gbogbo ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n délé, Sáúyìn bo ẹ̀rọ rẹ̀ láṣọ bí ẹni tó ń bo òkú. Ọjọ́ kejì, ó ṣí i, ó bẹ̀rẹ̀ àpẹẹrẹ, nítorí ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dé kíláàsì. Àwọn obìnrin tó wá síbẹ̀, ọmọbìnrin Owé, àwọn onílẹ̀ Kábà, tí ẹnu wọn mú ni. Ẹni tí ẹnu tirẹ̀ mú jù nínú wọn ni Lucy, aya àgbẹ̀ kan. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, Tíṣà Ọmọ́níyì ń kọ́ wọn ní ìmọ́tótó abẹ́rẹ́. Ọ̀sẹ̀ kejì, ìtàn abẹ́rẹ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ìwà tó yẹ obìnrin tó di abẹ́rẹ́ mú.

Lucy na ọwọ́ sókè. "Tíṣà, a ti kí abẹ́rẹ́ tán. Ìgbà wo ni yóò gún aṣọ?"

Tíṣà ní ìka ń dun òun. Lóòótọ́, ó ti fi báńdéèjì wé e.

Lẹ́yìn oṣù kan, Lucy tún na ọwọ́. "Tíṣà, ẹ kú ìrora ìka. Ṣé kì í ṣe pé ìka yìí lóyún?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹnì kan fi jábọ́ lórí àga.

Láàárọ̀, Ọmọ́níyì a bi ìyàwó rẹ̀: báwo ni wọ́n ṣe ń so apá mọ́ bùbá? Sáúyìn a fi hàn án jẹ́jẹ́. Àmọ́ láti ilé dé kíláàsì, ọ̀nà jìn, ẹ̀kọ́ a sì máa dà nù lọ́nà. Lọ́jọ́ kan, bó ṣe ní kí wọ́n rán an ni wọ́n rán an; nígbà tí Lucy wọ aṣọ náà, ọwọ́ rẹ̀ wọ inú apá, kò rí ibi tí yóò gbà jáde.

"Tíṣà, apá yìí kò lẹ́nu."

"Ìlànà ilẹ̀ Ṣáínà ni," ni tíṣà wí. "Òtútù pọ̀ lọ́hùn-ún."

Àmọ́ ẹni tó bá wo tábìlì rẹ̀ kò lè bá a jiyàn. Bùbá, gáùnù, ṣẹ́ẹ̀tì ọmọdé, gbogbo rẹ̀ lẹ́wà. Ó ń gbé wọn wá láti ilé, ó ń tẹ́ wọn síbẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí wọ́n máa pè é ní iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ọkọ ń fi ìka tó lóyún kọ́ ènìyàn níta, kí ni ìyàwó ń ṣe nílé? Rachel ti fà á jókòó sídìí òfì. Bí ìyá náà ti ń fa òwú, ó ń pe orúkọ òwú. Bó ti ń bu omi, ó ń pe omi. Bí ewúrẹ́ bá wọlé, ó ń bú ewúrẹ́, Sáúyìn náà a sì bú u tẹ̀ lé e. Kí òjò ọdún náà tó dá, aya Ọmọ́níyì ti ń bá àwọn ìyá àdúgbò ná ọjà, ó sì ti mọ èébú ewúrẹ́ tán, ó kan èébú ènìyàn. Ọmọ́níyì kò mọ̀. Èdè Ṣáínà ló fi ń bèèrè apá bùbá lọ́wọ́ rẹ̀, oúnjẹ ló sì ń yára jẹ.

Ìròyìn ayọ̀ dé. Ìgbìmọ̀ fẹ́ dá irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ̀ àti Ògìdì, wọ́n sì ń wá ọ̀gá àgbà tí yóò máa gun kẹ̀kẹ́ bẹ gbogbo wọn wò. Ọ̀gá Ọlọ́runlékè pè é sí kọ̀rọ̀. "Tíṣà, orúkọ yín la mú. Ẹ kàn jẹ́ kí àwọn ènìyàn rí yín lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ àfihàn. Aṣọ kan péré. Ẹ gé e, ẹ rán an, ó parí."

Ọlọgbọ́n ì bá ti jẹ́wọ́ níbẹ̀. Ọmọ́níyì rò ó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó wá rí ara rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, tí ó ń lu agogo rẹ̀ bó ti ń kọjá lábẹ́ igi ẹlẹ́mu.

"Kò sí wàhálà, sà."

Sarah, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì, ló mú aṣọ wá. Aṣọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ Ṣọlápé ni, ó sì fẹ́ kí tíṣà gé bùbá ìyàwó lára rẹ̀ lójú gbogbo ayé.

"Ẹ fún mi kí n gbé e lọ sílé yẹ̀ ẹ́ wò," ni Ọmọ́níyì wí. Ó ti pinnu pé Sáúyìn yóò gé e sílẹ̀.

Sarah gbá aṣọ náà mọ́ra. "Níbo? Aṣọ ìyàwó kì í sun ilé onílé kí ó tó dé ara ìyàwó. Láti ìgbà àwọn ìyá wa ni. Lójú mi lẹ ó ti gé e, tíṣà."

Ọmọ́níyì sọ fún ìyàwó rẹ̀ kó má ṣe jáde lọ́jọ́ àfihàn, ó ní ìpàdé àwọn akọ̀wé ni. Kò rántí pé Sarah ti pe Rachel, àti pé Rachel kì í dá lọ sí ibikíbi mọ́.

Gbọ̀ngàn kún. Àwọn ìjòyè jókòó, àwọn tíṣà jókòó, àwọn ẹlẹ́mu pàápàá fi ẹmu sílẹ̀ wá. Rachel àti Sáúyìn wọlé láti ẹ̀yìn, Lucy sì fà wọ́n dé ìdí tábìlì.

"Okun o, ìyàwó tíṣà! Wò ó, gbogbo èyí ni ọkọ rẹ fọwọ́ rẹ̀ rán. Wọ́n ní òun náà ló kọ́ ọ."

Sáúyìn mú bùbá kan. Ó yí i sódì, ó wo ojú abẹ́rẹ́ ara rẹ̀. Ó mú òmíràn.

"Ta ni tíṣà?" ló rọra bi Lucy ní èdè Owé.

"Ta ni yóò tún jẹ́? Ọkọ rẹ. Ó ti pẹ́ tó ti ń kọ́ wa."

Sáúyìn tẹ́ bùbá náà padà síbi tó ti mú un, ó tún etí rẹ̀ ṣe.

Níwájú, Sarah ti tẹ́ aṣọ sórí tábìlì. Ọmọ́níyì di àlùmọ́gàjí mú. Ó wọn ìbú, ó wọn ìbú náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wọn tábìlì. Òógùn ń já bọ́ sórí aṣọ.

"Ẹ rọra o," ni Sarah wí. "Òwú tí wọ́n bá ti gé, Ọlọ́run nìkan ló lè so ó."

Ó gbójú sókè, ó sì rí ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà á. Lẹ́yìn náà, ọpọlọ àlùmọ̀kọ́rọ́yí rẹ̀ ta kìjí.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ló kígbe, "olùkọ́ rere kì í fi ara rẹ̀ hàn, ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló ń fi hàn! Ìyàwó mi, ẹni tí mo kọ́kọ́ kọ́ níṣẹ́, ni yóò gé aṣọ yìí fún yín!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Sáúyìn wá síwájú. Ọmọ́níyì na àlùmọ́gàjí sí i, ó sì fi èdè Ṣáínà bẹ̀ ẹ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Jọ̀wọ́, gé e. Màá ṣàlàyé fún ọ nílé."

Sáúyìn ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ó sọ gbólóhùn kan péré, ní èdè Ṣáínà.

"Kí ló wí?" ni Ọ̀gá Ọlọ́runlékè bèèrè.

Ọmọ́níyì rẹ́rìn-ín. "Ó ní ojú ń ti òun, sà, láti gé aṣọ níwájú ọ̀gá òun."

"Áà, ìyàwó rere!" ni àgbàlagbà tó máa ń sunkún wí.

"Rárá," ni Sáúyìn wí.

Owé ló fi sọ ọ́.

"Mo ní kí òun fúnra rẹ̀ gé e. Ó ní òun ló kọ́ mi. Kó gé e, kí n kọ́ sí i."

Ẹ̀rín Lucy ló kọ́kọ́ bú, bí ìgbà tí ìkòkò bá fọ́. Sarah kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó fò mọ́ aṣọ rẹ̀, ó wé e mọ́ ikùn.

"Ẹ gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ ọkùnrin yìí! Ẹ gbà á o!"

Ọmọ́níyì yíjú sí ìyá rẹ̀. "Màmá, ẹ ò sọ fún mi pé ó ti gbọ́ Owé!"

"Ìgbà wo lo jókòó nílé kí o gbọ́?" ni Rachel wí. "Àbí kí n máa kéde ìyàwó rẹ fún ọ ni?"

Ọ̀gá Ọlọ́runlékè bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó bi Sáúyìn ní ìbéèrè tí wọ́n bi í nígbà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, Sáúyìn fúnra rẹ̀ ló kọjú sí. Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́? Baba mi. Ṣé o fọwọ́ sí i kí ọkọ rẹ gba iṣẹ́ náà? Iṣẹ́ wo? Ọkọ mi ní ẹ kò fẹ́ àjèjì.

Ojú wá ti gbogbo ìgbìmọ̀ náà pọ̀ mọ́ ti Ọmọ́níyì, nítorí kò sí ẹnì kan nínú wọn tó rò ó rí pé obìnrin lè rán kóòtù. Irọ́ Ọmọ́níyì kì bá tí dúró bí kò bá rí ilẹ̀ tó rọ̀ fi ẹsẹ̀ lé.

Ó jẹ́wọ́ níbẹ̀, lórí ìdúró. Àwọn ẹlẹ́mu kò tilẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn ló dùn ún jù.

Sáúyìn kó ẹní rẹ̀ lọ sí yàrá Rachel. Ó ní bí kò bá jẹ́ ti ìyá yìí, ọkọ̀ akẹ́rù ọjọ́ kejì ni òun ì bá wọ̀. Ọmọ́níyì kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi èdè Ṣáínà bẹ̀ ẹ́.

"Sọ Owé," ló dá a lóhùn. "Ohun tí o bá fẹ́ sọ fún mi, jẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fi gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà bẹ ìyàwó rẹ̀ lójú àwọn aládùúgbò, tí Lucy sì ń gbà á nímọ̀ràn láti ojú fèrèsé bó ṣe yẹ kó sọ ọ́.

Wọ́n fún Sáúyìn ní kíláàsì náà. Sarah ti ilé rẹ̀ wá ní àárọ̀ ọjọ́ kejì àfihàn, ó jókòó ti aṣọ rẹ̀ títí Sáúyìn fi rán an tán. Ọmọ́níyì di ọkọ́ mú, ó ń ro oko ìyá rẹ̀, kò sì kú.

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ń gbẹnu sọ fún ẹlòmíràn, ọmọ ọlọ́mọ ló gbé dání. Bó bá jù ú sílẹ̀, kò sí bàtà òkè òkun tó lè wọ̀ tí yóò fi sá lọ.

Nígbà tí ọdún yípo, iṣẹ́ kékeré kan ṣí sílẹ̀ lábẹ́ ìgbìmọ̀ náà. Ọmọ́níyì fi ìtìjú wá tọrọ rẹ̀. Ọ̀gá Ọlọ́runlékè ní àwọn kò lè gbà á láì kọ́kọ́ bi olùkọ́ àgbà kíláàsì léèrè irú ènìyàn tó jẹ́. Wọ́n pe Sáúyìn.

Ó wo ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà wo ilẹ̀.

"Ó ń tètè jí," ni Sáúyìn wí. "Kì í jalè. Ẹ fún un níṣẹ́ tí kò ní máa sọ̀rọ̀."

Wọ́n ní kó máa lu agogo kíláàsì.